Kí Lẹ Gbé Rìn? Ìtàn Iṣẹ́ Mi Nídìí Kọ̀ǹpútà Àwọn Arìnrìn-àjò

Kò tíì pẹ́ tí àwọn ọ̀dọ́ mọ́ṣáláṣí àdúgbò wa ní Ire-Akárí pe àwa àgbààgbà kan jọ pé ká wá sọ irú iṣẹ́ tí a ṣe láyé wa, kí àwọn náà lè mọ èyí tí wọ́n máa yàn. Dókítà sọ tirẹ̀, wọ́n pàtẹ́wọ́. Lọ́yà sọ tirẹ̀, wọ́n pàtẹ́wọ́. Ẹni tó wa bàálù rí sọ tirẹ̀, díẹ̀ ló kù kí wọ́n gbé e sọ́rùn. Nígbà tó kàn mí, mo ní, "Èmi ni mò ń jẹ́ kí kọ̀ǹpútà tètè ṣí fún àwọn òṣìṣẹ́ tó bá rìnrìn-àjò láti ọ́fíìsì kan sí òmíràn." Ọmọbìnrin kan tó jókòó níwájú ní, "Ẹ̀n-ẹ́n, bàbá. Lẹ́yìn ìyẹn ńkọ́?" Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín.

Lẹ́yìn ìyẹn ńkọ́! Inú bí mi, mi ò ní purọ́ fún yín. Ìmáàmù ní kí n má bínú, pé ọmọdé ni wọ́n. Mo ní mi ò bínú. Ṣùgbọ́n mo délé, mo mú kálámù. Bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà, àkísà tèmi ni mo sì fẹ́ tú sílẹ̀ fún yín yìí. Ẹni tó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín, kó kà á tán ná.

Ìwó ni àwọn òbí mi ti wá, Òṣòdì ni wọ́n sì bí mi sí. Ìyá mi ń ta òwú, abẹ́rẹ́ àti bọ́tìnnì. Ìsọ̀ méjì ló ní, ọ̀kan ní Òṣòdì, ọ̀kan lọ́jà Ìsọlọ̀, ó sì máa ń pààrọ̀ ọjọ́ láàárín méjèèjì. Àwọn tí wọ́n jọ ń tajà á gbé gbogbo igbá wọn lérí láti òwúrọ̀, wọ́n á máa làágùn. Ìyá mi ní tirẹ̀, àpò kékeré kan ló máa ń gbé kọ́ èjìká. Ó ti kó òwú sí ìsọ̀ ti ìhín, ó ti kó òwú sí ìsọ̀ ti ọ̀hún. Ó máa ń sọ fún mi pé, "Ráúfù, ẹrù tó o lè bá níbi tó ò ń lọ, kí lo fẹ́ máa rù ú káàkiri sí?" Mi ò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà máa wúlò fún mi ju gbogbo ohun tí wọ́n kọ́ mi ní polí lọ.

Bí mo ṣe ríṣẹ́ kò ní ìtàn kankan nínú. Mo kàwé kọ̀ǹpútà, ilé-iṣẹ́ kan tó ń ṣe ọ̀dà ilé ní Industrial Estate Ìsọlọ̀ ń wá ènìyàn, wọ́n gbà mí. Owó oṣù náà tó jẹ, kò tó fi ṣe fàájì. Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀.

Ilé-iṣẹ́ wa ń po ọ̀dà ní Ìsọlọ̀, ọ́fíìsì àwọn tó ń tà á wà ní Àjàó Estate, a sì ní ẹ̀ka ní Ìbàdàn, Òṣogbo àti Ìlọrin. Àwọn òṣìṣẹ́ kan wà tí wọn kì í gbé ojú kan. Wọ́n á wà ní Ìsọlọ̀ lónìí, tó bá di ọ̀la, wọ́n ti wà ní Ìlọrin. Bí ètò kọ̀ǹpútà wa ṣe rí nígbà náà nìyí: gbogbo ohun tí òṣìṣẹ́ kan ní, iṣẹ́ rẹ̀, lẹ́tà rẹ̀, àwòrán rẹ̀, inú ẹ̀rọ ńlá kan ní Ìsọlọ̀ ni a ń kó o pamọ́ sí. Sáfà là ń pe ẹ̀rọ ńlá náà. Níbikíbi tí òṣìṣẹ́ bá dé, tó bá jókòó sídìí kọ̀ǹpútà tó tẹ orúkọ àti páásíwọ́ọ̀dù rẹ̀, à ń pe ìyẹn ní "wíwọlé," kọ̀ǹpútà ibẹ̀ á ránṣẹ́ sí Ìsọlọ̀, á sì wọ́ gbogbo ẹrù rẹ̀ wá látorí wáyà. Tó bá parí iṣẹ́ tó "jáde," gbogbo ẹrù náà á tún padà sí Ìsọlọ̀. Ó dára lẹ́nu. Ṣùgbọ́n wáyà tó gbé e nígbà náà, ti tẹlifóònù ni, ó sì tín-ín-rín ju ohun tí à ń bẹ̀ ẹ́ pé kó gbé lọ. Ènìyàn á tẹ páásíwọ́ọ̀dù lówùúrọ̀ ní Ìlọrin, á lọ jẹun, á lọ kí ẹni tó ṣàìsàn, á padà dé, ẹ̀rọ á ṣì máa yí, kò ní tíì ṣí. Ẹ̀sọ̀ ẹ̀sọ̀ nìgbín fi ń gùngi, ṣùgbọ́n ìgbín kì í ní ọ̀gá tó ń pè é lórí fóònù.

Iṣẹ́ tiwa nìyẹn, kí ẹrù àwọn arìnrìn-àjò tètè dé ọ̀dọ̀ wọn, kó má sì sọnù lọ́nà.

Obìnrin ló kọ́ mi níṣẹ́ náà. Ìyá Dàmọ́lá là ń pè é, ọmọ Ọ̀yọ́, kò ga, kì í pariwo, kì í sì í rẹ́rìn-ín kí agogo méjìlá tó lù. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ dé, kò fi ẹ̀rọ kankan hàn mí. Ó ní kí n tẹ̀ lé òun lọ sí Àjàó Estate, ọ̀gbẹ́ni kan ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Ìbàdàn dé, kọ̀ǹpútà rẹ̀ sì ń yí. Ìyá Dàmọ́lá kí i, ó sì dúró tì í. Èmi rí àga, mo jókòó. Ojú tó fi wò mí, mo fò dìde.

Nígbà tí a jáde, ó ní, "Ráúfù, ẹni tó ń dúró de kọ̀ǹpútà, ìyà ń jẹ ẹ́. O ò gbọdọ̀ jókòó níṣojú ẹ̀. Wàá dúró tì í títí á fi wọlé, wàá máa bá a sọ̀rọ̀."

Mo ní, "Tó bá wá pẹ́ ńkọ́, mà?"

"Tó bá pẹ́, ẹsẹ̀ á dùn ẹ́. Tẹ́sẹ̀ bá dùn ẹ́, wàá wá nǹkan ṣe sí i."

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn dáadáa. Àwọn tó ń jókòó sí yàrá wọn tí wọ́n ń sọ lórí fóònù pé "ẹ ní sùúrù, ó ń bọ̀," ẹsẹ̀ kì í dùn wọ́n, ìdí nìyẹn tí ẹ̀rọ wọn fi ń lọ́ra títí dòní.

Òfin rẹ̀ kejì ni pé kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ sọ pé "nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni." Ẹ mọ̀ pé ní Èkó, ìyẹn ni àwáwí gbogbo ayé. Báńkì ò sanwó, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni. Ọkọ ò gbé fóònù, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni. Ọ̀rẹ́ mi kan tí wọ́n jọ gbà wá síṣẹ́ sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, Ìyá Dàmọ́lá dá a padà sílé lọ́jọ́ náà. Ó ní kó lọ bi nẹ́tíwọ́ọ̀kì bóyá ó ní iṣẹ́ míì fún un.

Òfin kẹta ni ìbéèrè tó ń bi gbogbo ènìyàn kó tó fọwọ́ kan nǹkan: "Kí lẹ gbé rìn?" Mo kọ́kọ́ rò pé àwàdà ni. Àfi ọjọ́ tí Ọ̀gbẹ́ni Ládiípọ̀ pè wá. Ògbóǹtarìgì ni nínú ọ̀dà títà, kò sí ẹni tí kò lè tà á fún. Ó ti Ìlọrin dé, kọ̀ǹpútà rẹ̀ ò ṣí láti òwúrọ̀ títí oòrùn fi kan àtàrí. Inú ń bí i.

Ìyá Dàmọ́lá ní, "Ẹ kú sùúrù, sà. Kí lẹ gbé rìn?"

"Kí ni mo fẹ́ gbé? Lẹ́tà díẹ̀ ni. Ẹ̀rọ yín ni kò dáa."

"Lẹ́tà díẹ̀ náà nìkan?"

"Lẹ́tà díẹ̀ náà ni, mo sọ fún yín."

A dúró tì í. Ẹsẹ̀ mi ń dùn mí bí iná. Nígbà tí ẹ̀rọ wá ṣí, àgbò ni a rí. Fídíò ìjà àgbò ló kún ojú kọ̀ǹpútà yẹn láti òkè délẹ̀, àgbò funfun, àgbò dúdú, èyí tí wọ́n jà ní Òṣòdì, èyí tí wọ́n jà ní Mùṣín. Olólùfẹ́ ìjà àgbò ni ọ̀gá wa. Gbogbo ìgbà tó bá rìnrìn-àjò, ńṣe ni wáyà tín-ín-rín yẹn ń ru agbo àgbò láti Ìsọlọ̀ dé Ìlọrin, ó sì tún ń rù wọ́n padà.

Ìyá Dàmọ́lá wo ojú kọ̀ǹpútà, ó wo ọkùnrin náà. Ó ní, "Sà, lẹ́tà yín níwo." Èmi sá jáde kí n lọ rẹ́rìn-ín lẹ́yìn ilé.

Bí mo ṣe kọ́ iṣẹ́ nìyẹn. Mo fi ọ̀pọ̀ ọdún ru ẹrù tẹ̀ lé e, mo mọ bí wọ́n ṣe ń so wáyà, bí wọ́n ṣe ń tọ́jú sáfà, bí wọ́n ṣe ń fi ohùn pẹ̀lẹ́ bá ẹni tí inú ń bí sọ̀rọ̀. Mo di igbákejì rẹ̀. Ìgbà yẹn ni ohun tí mo fẹ́ sọ fún yín gan-an ṣẹlẹ̀.

A ní òṣìṣẹ́ kan, Kúdíràtù, èmi ń pè é ní Àǹtí Kúdí torí ó jù mí lọ. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó wo àwọ̀ kó sì po ọ̀dà tó bá a mu. Ojú rẹ̀ mú. Tẹ́ ẹ bá kó oríṣiríṣi funfun síwájú rẹ̀, tí gbogbo wa ń rí funfun kan ṣoṣo, á máa yà wọ́n sọ́tọ̀ bí ẹni ń ṣa ìrẹsì. Ilé-iṣẹ́ ń wá ẹni tó máa jẹ ọ̀gá yàrá tí wọ́n ti ń po ọ̀dà. Ipò náà tọ́ sí i, kò sẹ́ni tí kò mọ̀, ṣùgbọ́n àwọn ọ̀gá kan ń fà sẹ́yìn, wọ́n ní obìnrin ò jẹ ẹ́ rí. Wọ́n wá ní àwọn máa fi iṣẹ́ kan dán an wò.

Ilé ìwòsàn kan lápá Òṣogbo ni iṣẹ́ náà. Wọ́n kọ́ ilé tuntun mọ́ èyí tó ti wà tipẹ́, wọ́n sì fẹ́ kí àwọ̀ tuntun bá ti àtijọ́ mu. Ẹ má rò pé ó rọrùn o. Oòrùn ti pa ògiri àtijọ́ yẹn fún ọdún gbọọrọ, kì í ṣe pupa mọ́, kì í sì í ṣe àwọ̀ iyẹ̀pẹ̀. Àǹtí Kúdí lo odindi ọ̀sẹ̀ kan níbẹ̀, ó ń po ọ̀dà, ó ń sá a sóòrùn, ó ń dà á nù, ó tún ń po òmíràn. Lọ́jọ́ Fúráìdè, ó rí i mú. Ó po ìwọ̀nba tó tó apá kan ògiri, wọ́n kùn ún, inú wọn dùn. Ìyókù, Ìsọlọ̀ ni wọ́n ti máa pò ó lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Ó tẹ bó ṣe pò ó sínú kọ̀ǹpútà ní ẹ̀ka wa ní Òṣogbo, ó jáde, ó sì wọ mọ́tò padà sí Èkó. Kò kọ ọ́ síbòmíràn. Ta ló ní kó má kọ ọ́ síbòmíràn? Àwa ni. Àwa là ń kéde káàkiri pé kí wọ́n yéé kó bébà kiri, pé sáfà á bá wọn tọ́jú gbogbo rẹ̀.

Lówùúrọ̀ Mọ́ńdè, Àǹtí Kúdí dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá wa. Kò kí ẹnikẹ́ni.

Ó ní, "Ráúfù, iṣẹ́ mi dà?"

"Iṣẹ́ wo, Àǹtí?"

"Gbogbo iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Mo wọlé báyìí, ohun tí mo fi sílẹ̀ kí n tó rìnrìn-àjò ni mò ń rí. Ilé ìwòsàn yẹn ò sí níbẹ̀ rárá."

Mo wo inú sáfà. Òótọ́ ló sọ. Ẹrù rẹ̀ wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ti àtijọ́ ni, bí ẹni pé kò dé Òṣogbo rí. Kò pẹ́ tí ọ̀gá àgbà pàápàá fi gbọ́. Ó wá bá wa, ó ní àwọn kunlékunlé ti wà lórí àkàbà ní ilé ìwòsàn, pé tí ọ̀dà ò bá kúrò ní Ìsọlọ̀ lọ́jọ́ kejì, wọ́n á gbé iṣẹ́ fún ẹlòmíràn. Ó wo Àǹtí Kúdí, ó ní ẹni tí kò lè tọ́jú àwọ̀ ọ̀sẹ̀ kan, ṣé odindi yàrá ló máa tọ́jú. Ó wá yíjú sí àwa, ó ní tó bá jẹ́ pé bí a ṣe ń ṣe nìyí, òun á ti yàrá wa pa, òun á gbé iṣẹ́ náà fún àwọn ará ìta. Kò pariwo. Ìyẹn ló dẹ́rù bà mí jù.

Ìyá Dàmọ́lá ní kí wọ́n pe Táíwò wá. Òun àti Àǹtí Kúdí ni wọ́n jọ ń jókòó ní ọ́fíìsì kan, ènìyàn jẹ́jẹ́, kò mọ ibi.

"Táíwò, ta ló lo kọ̀ǹpútà Kúdí nígbà tí kò sí ńlé?"

"Kò sẹ́ni tó lò ó o, mà. Èmi ni mo kàn ń bá wọn tàn án láràárọ̀, kó má baà tutù."

"Kó má baà kí ni?"

"Kó má baà tutù, mà. Ẹ̀rọ tó bá ti tutù, tẹ́ni tó ni ín bá ti àjò dé, kì í tètè ṣí. Mo máa ń bá wọn wọlé ni, kó máa gbóná. Tó bá dìrọ̀lẹ́, mo jáde. Mi ò fọwọ́ kan nǹkan kan, mo fi Ọlọ́run búra."

Bí wọ́n ṣe ń gbé ọbẹ̀ kaná kó tó di pé olówó orí dé, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń mú kọ̀ǹpútà gbóná de arìnrìn-àjò. A padà wá mọ̀ pé gbogbo ilé-iṣẹ́ ló ń ṣe é. Ẹni tó ń lọ sí àjò á fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní páásíwọ́ọ̀dù, á ní, "Bá mi mú un gbóná." Ìwà ọmọlúàbí ni wọ́n kà á sí! Wọn ò mọ̀ pé ẹrù ẹni tó bá jáde gbẹ̀yìn ni sáfà ń gbà, á sì fi bo ti ẹni tó kọ́kọ́ jáde. Àǹtí Kúdí jáde ní Òṣogbo lọ́sàn-án Fúráìdè, iṣẹ́ rẹ̀ dé Ìsọlọ̀ láyọ̀. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, Táíwò jáde ní tirẹ̀, ó sì fi ẹrù àtijọ́ bo tuntun mọ́lẹ̀. Inú rere ló fi ṣe é.

Ìyá Dàmọ́lá mí kanlẹ̀. Ó ní ìrètí kan ṣì wà. Kọ̀ǹpútà tí ènìyàn bá lò kì í gbàgbé kíákíá, ó máa ń fi ẹ̀dà ẹrù náà pamọ́ sínú ara rẹ̀. Iṣẹ́ yẹn ṣì wà nínú kọ̀ǹpútà Òṣogbo, tí kò bá sẹ́ni tó ti fi orúkọ Kúdí wọlé níbẹ̀. Torí ẹni tó bá wọlé báyìí, ńṣe ni kọ̀ǹpútà náà á wọ́ ẹrù àtijọ́ ti Ìsọlọ̀ wá, á sì fi pa ẹ̀dà kan ṣoṣo tó kù rẹ́.

Àǹtí Kúdí gbé ọwọ́ lérí. "Yéè! Mo ti pe Ìyá Ìbejì o! Mo ti fún un ní páásíwọ́ọ̀dù mi, mo ní kó bá mi wọlé wò ó bóyá ó wà níbẹ̀!"

Ìyá Ìbejì ni akọ̀wé wa ní Òṣogbo, ìyá àgbà, ọmọ ìlú tó mọ àṣà. Mo já fóònù gbà. Ó dún, ó dún, ó wá gbé e.

"Hẹlóò, ẹ káàárọ̀ o. Ta ló ń sọ̀rọ̀?"

"Ẹ fa wáyà yọ!"

"Ẹ ní kí ni?"

"Wáyà tó wà lẹ́yìn kọ̀ǹpútà, mà, èyí aláwọ̀ búlúù, ẹ fà á yọ!"

"Ta nìyẹn ná? Mo kí ọ, o ò dá mi lóhùn, ò ń pariwo wáyà lé mi lórí. Irú ọmọ wo nìyẹn?"

"Màmá, èmi Ráúfù ni, ní Ìsọlọ̀. Ẹ dákun, ẹ dárí jì mí. Ẹ kọ́kọ́ fà á yọ, màá kí yín dalẹ́!"

Mo gbọ́ tó gbé fóònù lé tábìlì. Mo gbọ́ àga. Lẹ́yìn náà ni ohùn rẹ̀ padà dé.

"Mo ti fà á. Mo ti bá Kúdí wọlé tipẹ́, ṣùgbọ́n kò tíì ṣí. Láti ìgbà tí mo ti ń mu ẹ̀kọ mi ló ti ń yí."

Ẹ wò ó, láti ọjọ́ tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ yìí, ìjà tí mò ń bá kọ̀ǹpútà jà ni pé kó yéé lọ́ra. Ọjọ́ kan ṣoṣo yẹn ni mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé ó lọ́ra.

"Óyá," Ìyá Ìbejì ní, "máa kí mi." Mo dọ̀bálẹ̀ sídìí fóònù bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò rí mi. Mo bi í léèrè ilé, mo bi í léèrè ọ̀nà, mo bi í léèrè àwọn ìbejì lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn tó wà nínú yàrá ń rẹ́rìn-ín, Àǹtí Kúdí sì ń sunkún.

A ò tíì mọ̀ bóyá a fà á yọ lásìkò. Ẹrù àtijọ́ ti ń wọlé díẹ̀díẹ̀, kò sẹ́ni tó lè sọ ibi tó pa rẹ́ dé. Èmi àti Àǹtí Kúdí wọ mọ́tò lọ sí Òṣogbo ní kíá. A kọjá Ìbàdàn. Ó wá ní, "Ráúfù, wọ́n á sọ pé obìnrin ni." Mo mọ̀ pé wọ́n á sọ bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí a dé, Ìyá Ìbejì ti fi ìborùn rẹ̀ bo kọ̀ǹpútà náà, ó jókòó tì í bí ẹni ń ṣọ́ ìkókó. Ó ní máníjà ẹ̀ka fẹ́ lò ó, òun lé e. Mo yẹ wáyà wò, ó wà nílẹ̀. Mo ní kí Àǹtí Kúdí jókòó kó wọlé. Wọ́n gbé àga fún mi, mo ní rárá. Mo dúró tì í bí wọ́n ṣe kọ́ mi.

Kò sí wáyà tó máa wọ́ ẹrù kankan, nítorí náà kíá ló ṣí. Àwọn nǹkan kan ti yí padà lójú rẹ̀ lóòótọ́. Àǹtí Kúdí wá a lọ, ó wá a bọ̀. Ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé gíláàsì kọ̀ǹpútà.

"Alhamdulillahi. Ó wà níbẹ̀."

Orí fóònù ló ti ka bí wọ́n ṣe máa pò ó fún àwọn ará Ìsọlọ̀, ó kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó sì ní kí wọ́n kà á fún òun padà. Ọ̀dà kúrò ní Ìsọlọ̀ lọ́jọ́ kejì. Mo ti lọ síbi ògiri yẹn rí. Mo fọwọ́ pa á, mo rìn ín síwá sẹ́yìn, mi ò rí ibi tí tuntun ti pàdé àtijọ́. Àǹtí Kúdí di ọ̀gá yàrá ìpo-ọ̀dà kí ọdún tó parí, yàrá tiwa náà ò sì di títì pa.

Nígbà tí mo padà dé Ìsọlọ̀, ohun kan ṣoṣo ni Ìyá Dàmọ́lá bi mí.

"Ṣé o jókòó?"

"Mo dúró, mà."

"Ó dáa." Gbogbo ìyìn tó yìn mí láyé nìyẹn, mi ò sì fẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

A ò bá Táíwò jà. Ẹni tó ń ṣe oore nínú òkùnkùn, iná là ń tàn fún un. A pe gbogbo ènìyàn jọ, a ṣàlàyé bí ẹrù ṣe ń bo ẹrù mọ́lẹ̀, Táíwò fúnra rẹ̀ ló dìde tó sọ bó ṣe fẹ́ fi inú rere pa iṣẹ́ ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀. Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín títí, kò sì sẹ́ni tó tún mú kọ̀ǹpútà ẹnikẹ́ni gbóná mọ́. Lẹ́yìn náà ni mo gbé ọ̀rọ̀ ìyá mi síwájú Ìyá Dàmọ́lá. Mo ní, mà, kí ló dé tí a fi ń ru gbogbo igbá kiri? Ohun tó wúwo, ẹ jẹ́ ká gbé e kalẹ̀ sójú kan, kí ẹni tó fẹ́ ẹ lọ mú ẹyọ tó bá fẹ́. Ohun tí gbogbo ẹ̀ka ń lò, ẹ jẹ́ ká kó o sí ìsọ̀ kọ̀ọ̀kan. Àpò kékeré nìkan ni kí ènìyàn máa gbé kọ́ èjìká. Ó ní, "Ta ló kọ́ ọ?" Mo ní ìyá mi ni. Ó ní kí n bá òun kí i.

Ọ̀pọ̀ oṣù la fi ṣe é. Ẹni tó bá ń lọ sí àjò á kọ́kọ́ ya ọ̀dọ̀ wa, a ó bi í pé, "Kí lẹ gbé rìn?" a ó sì jọ tú ẹrù rẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni Ládiípọ̀ bẹ̀bẹ̀ fún àgbò rẹ̀ bí ẹni ń bẹ̀bẹ̀ fún ọmọ, a fi àgbò sílé. Nígbà tí a ṣe tán, ẹni tó bá wọlé ní Ìlọrin, kó tó fa àga mọ́ra, kọ̀ǹpútà ti ń dúró dè é. Ìbéèrè yẹn di ìkíni nílé-iṣẹ́. Wọ́n á pàdé ara wọn lẹ́nu géètì, wọ́n á ní, "Kí lẹ gbé rìn?" "Àpò kékeré ni o!"

Irinṣẹ́ yí padà lójú mi. Láti orí wáyà tẹlifóònù tó ń ké bí ológbò tí wọ́n tẹ nírù, a bọ́ sí àwo ńlá orí òrùlé tó kọjú sójú ọ̀run, tí òjò bá ti ṣú, á ti sùn lọ. Wọ́n fa wáyà tuntun lórí òpó, àwọn tírélà Industrial Estate fi orí já a dànù láìmọye ìgbà, a tún fà á, wọ́n tún já a. Àfi ìgbà tí wọ́n rì í mọ́lẹ̀ la tó sinmi. Kọ̀ǹpútà wá di ohun àgbékọ́ èjìká. Ní ìkẹyìn, sáfà Ìsọlọ̀ gan-an ò sí mọ́, gbogbo ẹrù wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Àwọn ọ̀dọ́ tó wá bá mi níbi iṣẹ́ ní, "Bàbá, iṣẹ́ yín ti tán." Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní kí wọ́n ṣí kọ̀ǹpútà tiwọn fún mi. Ó ń yí. Mo dúró tì wọ́n, mo bi wọ́n pé, kí lẹ gbé rìn? Fíìmù ló kún ibẹ̀. Iṣẹ́ mi ò tán, ọmọ aráyé ò ní yéé ru ohun tí kò yẹ kó rù.

Tẹ́ ẹ bá ń wá iṣẹ́ tí wọ́n á máa fi orúkọ yín kọ sára pátákó, ẹ má ṣe tèmi. Tí tiwa bá dára, kò sẹ́ni tó ń rí i. Ẹnì kan á jókòó, ẹ̀rọ á ṣí, á bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀, kò ní rántí pé ẹnì kan wà láyé. Èmi rántí wọn. Mo mọ gbogbo wọn àti ohun tí oníkálùkù gbé rìn. Inú mi dùn sí iṣẹ́ mi, mo sì ń sọ ọ́ láì tijú.

Ọ̀sẹ̀ tí mo fẹ̀yìn tì, ọkọ̀ kan dúró sẹ́nu géètì mi ní Ire-Akárí. Kunlékunlé méjì sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú gálọ́ọ̀nù ọ̀dà. Mo ní mi ò pe kunlékunlé. Fóònù mi dún, Àǹtí Kúdí ni, òun náà ti fẹ̀yìn tì ṣáájú mi.

"Ráúfù, wọ́n ti dé?"

"Wọ́n ti dé, Àǹtí. Kí lèyí?"

"Má jókòó o. Dúró tì wọ́n títí wọ́n á fi kùn ún tán."

Mo wo ọmọrí gálọ́ọ̀nù. Gbogbo ọ̀dà ló ní orúkọ tí wọ́n ń pè é ní yàrá ìpo-ọ̀dà, orúkọ tí Àǹtí Kúdí fún àwọ̀ ilé ìwòsàn yẹn ni wọ́n kọ síbẹ̀: FAWÁYÀYỌ. Ojú mi ṣomi. Mo dúró síta títí wọ́n fi kùn ún tán.

Ọmọbìnrin tó fi mí rẹ́rìn-ín ní mọ́ṣáláṣí yẹn, iwájú ilé mi ló ń gbà lọ síbi iṣẹ́ láràárọ̀. Lọ́jọ́ kan, ó dúró, ó ní fún ìyàwó mi pé, "Màmá, àwọ̀ ilé yín yìí mà dára o, mi ò rí irú ẹ̀ rí." Ìyàwó mi ní kó wọlé wá bi bàbá. Kò tíì wá. Ọjọ́ tó bá wá, tó bá tún ní "lẹ́yìn ìyẹn ńkọ́," màá mú un lọ síta, màá ní kó fọwọ́ kan ògiri.